Má Dẹ Gbogbo Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀kan

Ní Odòjọ̀mù, l'Óǹdó, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó,
Ọ̀gbẹ́ni Akínkúòtú ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láàárọ̀,
ó ń kọ́ wa ní fáólíìnì lálẹ́.
Gírísì kan náà ló wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ fún iṣẹ́ méjèèjì.

Á dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, á yí táyà rẹ̀,
á fi èékánná ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan:
tín, tín, tín, tọ̀n.
"Ẹ gbọ́ èyí tó sọ tọ̀n yẹn? Òun ló dẹ̀."
Kí n tó mọ orúkọ okùn kankan lára fáólíìnì
ni mo ti mọ̀ pé irin tí a fà le a máa ké bí ọmọ ẹyẹ,
irin tó dẹ̀ a máa kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun.

Okùn mẹ́rin.
Ìka ò dọ́gba, àmọ́ àwọn wọ̀nyí dọ́gba ní gígùn;
sísanra ni wọn ò fi dọ́gba, àti bí a ṣe fa olúkúlùkù.
Èyí tó nípọn jù ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀,
bí bàbá mi nígbà tó bá ń ṣírò gbèsè.
Èyí tó tín-ín-rín jù, òun ló ru ẹrù tó wúwo jù.

Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri, kò fi àmì sí i.
"Kà á."
Okùn ni? Okun ni? Òkun ni?
"O rí i? Lẹ́tà ò tó.
Ẹni tí kò bá yí èèkàn rẹ̀ dáadáa,
ó lè fẹ́ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì rì sómi."

Ó ku ọ̀la kí á ṣe Kérésì. Ọyẹ́ mú.
Igi ti gbẹ, èèkàn ń yọ̀ nínú ihò rẹ̀,
ohùn tí mo tún ṣe lálẹ́ ti sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì ra èèkàn, mo tì í wọlé, mo lọ́ ọ.
Ó gòkè. Kò tíì tó.
Díẹ̀ sí i. Etí mi ní ó kù bí irun orí.
Irun yẹn ló já.
Ó nà mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́; àpá rẹ̀ nìyí, lábẹ́ ojú òsì.

Kò bínú. Ó tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan,
ó yọ fọ́nrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀,
ó so ó mọ́ èèkàn, ó yí i, ó dákẹ́, ó tẹ́tí,
ó tún yí i.
"Ohùn kì í gbé inú okùn. Inú fífà ló ń gbé."
Lọ́jọ́ Kérésì, wáyà bíréèkì kọrin.
Ó dún bí ẹ̀fọn díẹ̀, àmọ́ ó bá dùùrù mu.

Akúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Ní oṣù tó kọjá
wọ́n gbé fáólíìnì rẹ̀ wá bá mi ní Ìjàpò,
ìwé pélébé kan wà nínú àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́:
Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.
Má dẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Igi kékeré kan wà nínú rẹ̀, lábẹ́ afárá;
kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó.
Fífà tí a ń fa okùn ló fi dúró.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lọ́dún méjì sẹ́yìn,
kí bàbá lè sinmi.
Àwọn náà ló dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
kí fáólíìnì lè sinmi.

Mo gbé e, mo mì í.
Ó ń dún nínú lọ́hùn-ún,
bí ẹyọ àgbàdo kan nínú agolo.